Bí ẹni tó mọṣẹ́ dunjú ṣe lè gba àyípadà mọ́ra

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tí kò tíì lórúkọ nídìí iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ohun tuntun. Àyà olùkọ́ tí gbogbo Kàbà mọ̀ sí àgbà nínú ìṣirò ló ń já, àti ti ọmọ tó gba ipò kìíní ní Ìsánlú lọ́dọọdún, tó wá dé yunifásítì ní Lọ́kọ́ja tó bá ọ̀pọ̀ ẹni tó gba ipò kìíní níbi tí wọ́n ti wá. Orúkọ ni wọ́n ń ṣọ́.

Carol Dweck, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwádìí tí òun àti Claudia Mueller gbé jáde ní 1998, wọ́n fún àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ ṣe. Wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n sì yin àwọn mìíràn pé wọ́n sapá. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú iṣẹ́ tó kàn, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ fẹ́ràn èyí tó rọrùn. Àwọn tí wọ́n yìn fún ìsapá mú èyí tí wọ́n á ti rí nǹkan kọ́. Nígbà tí iṣẹ́ kan sì le jù wọ́n lọ, àwọn ọlọ́pọlọ pípé yìí ló jó rẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyìn ló sọ wọ́n di ojo.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ ya ìmọ̀ yín sọ́tọ̀ kúrò lára irinṣẹ́ yín. Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ ìṣirò yẹn. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2 ló jẹ́ báyìí. Ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù jẹ́ irinṣẹ́. Bí ó ṣe ń tú ìṣirò sí wẹ́wẹ́ títí á fi yé ọmọ ni ìmọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lórí ìwé. Ẹ̀rù tó kù lẹ́yìn náà kì í pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà di akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní máa wò yín. Kí olùkọ́ yìí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí ó ṣe ìdánwò bí ọmọ ṣe ń ṣe é: A, B, C tàbí D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé òun kò lè fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí àwòrán onígun mẹ́ta tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó di dandan kí ọmọ mọ bí a ṣe ń tún un yà sórí ìwé kíákíá, nítorí ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ni ìbéèrè kan ní tí a bá pín àkókò náà dọ́gba. Ẹ̀kọ́ tuntun rèé, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ni bí àgbà olùkọ́.

Ẹ wá ẹni tí yóò tọ́ yín sọ́nà, kódà bó bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé kò ní wo àgbà lójú kó sọ pé ó ṣì í, àfi kí àgbà ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ má bi í pé, "Ṣé mo ṣe dáadáa?" "Bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò sọ. Ẹ wí pé, "Má wojú mi o. Ibo ni ọwọ́ mi ti ń falẹ̀?"

Ìgbàgbọ́ pé ìmọ̀ ń dàgbà bí èèyàn bá ń sapá, èyí tó wà nídìí iṣẹ́ Dweck, kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 fi hàn pé ẹ̀kọ́ tí kò tó wákàtí kan nípa rẹ̀ gbé máàkì àwọn ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé sókè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ìgbàgbọ́ nìkan kò sì lè tan kọ̀ǹpútà: bí iná kò bá sí, ẹ wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà wà. Kì í sì í ṣe gbogbo àyípadà ló dára. Ẹni tó ti gbìyànjú rẹ̀ tọkàntọkàn ló lẹ́nu láti sọ ibi tó kù sí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú èsì tó dára wálé, ẹ bi í léèrè èyí tó le jù níbẹ̀ àti ọgbọ́n tó dá sí i. Bó bá ní kò sí èyí tó le, ẹ wá iṣẹ́ tó ga jù bẹ́ẹ̀ fún un.