Bí mo ṣe so àpótí méjì di ilé kan l'Óṣogbo

Kì í ṣe kọ̀ǹténà tí wọ́n gé fèrèsé sí lára ni mo ń sọ o. Ilé módúlà ni: yàrá tí wọ́n ti kọ́ tán ní ọgbà iṣẹ́, tí wáyà ti wà nínú ògiri, tí táìlì ti wà nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sórí tirélà. Àpótí méjì ló wá láti Ìbàdàn sí Òkè-Baálẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 2.4. Tirélà ló pinnu fífẹ̀ yẹn; ohun tó bá yọ kọjá ẹ̀gbẹ́ tirélà ń fa wàhálà lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ kan àpótí kọ̀ọ̀kan kò fi ní ògiri, kí méjèèjì lè fara kanra di pálọ̀ kan.

Ìpìlẹ̀ ló gba ọgbọ́n jù. Bíríkìlà tí ilé blọ́ọ̀kù ti mọ́ lára máa ń gbà pé bí nǹkan bá yẹ̀, pílásítà á bò ó. Kò sí pílásítà níbí. Bí òpó kan bá fi mìlímítà 10 rẹlẹ̀ ju ìyókù lọ, férémù irin á lọ́ tẹ̀lé e, ilẹ̀kùn ò sì ní tì mọ́.

Mo na okùn sí mítà 6 àti 4.8, mo wọn igun sí igun: 7.68 ní ọ̀nà méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ náà wọ́. Òpó mẹ́sàn-án ni, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. Àwọn ti àárín ló ń ru àpótí méjèèjì, nítorí náà ìdí tiwọn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, àwọn yòókù jẹ́ 60. A gbẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 70, títí a fi kan ilẹ̀ pupa líle. Kọnkéré 1:2:4 (sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), rọ́ọ̀dù mìlímítà 12, àpò sìmẹ́ǹtì 12 lápapọ̀. Òpó yọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá súnmọ́ odò Ọ̀ṣun, kó gbé tirẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hóòsì tó mọ́ gaara tí a rọ omi sí ni mo fi wo orí gbogbo òpó, ibi tó bá rẹlẹ̀ ni mo fi irin pẹlẹbẹ gbè. Ọjọ́ 7 la fi ń wọ́n omi sí i, a sì dúró kó pé ọjọ́ 28.

(Ẹ gba àṣẹ ìkọ́lé o. Gbígbé tí a gbé ilé wá kò ní ká má gbà á.)

Àpótí lórí tirélà ga tó mítà 4.3, nítorí náà mo ti fi ọ̀pá wọn wáyà iná àdúgbò ṣáájú. Ẹ má sì jẹ́ kí iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń pe kíréènì tàn yín jẹ: bí apá rẹ̀ ṣe ń nà ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Àpótí mi kò ju tọ́ọ̀nù 4 lọ, ṣùgbọ́n kíréènì kò lè wọ ọgbà, láti mítà 11 ló ti nawọ́ sí i, tọ́ọ̀nù 25 ni mo sì gbà. Ọ̀pá irin ìdábùú gbọ́dọ̀ wà lókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn á fún orí àpótí pọ̀, gíláàsì á là.

A gbé àkọ́kọ́ kalẹ̀, a dè é mọ́lẹ̀. A fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ fún èkejì, a lẹ rọ́bà fóòmù yí etí rẹ̀ ká, a wá fi ṣéènì fà á wọlé. Bọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló so méjèèjì pọ̀. Láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun la ti ń dì wọ́n, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí ìpẹ̀kun kan bá kọ́kọ́ le, èkejì á yanu.

Páìpù omi ẹ̀gbin fi sẹ̀ǹtímítà 4 yẹ̀ sí ihò tí mo gbẹ́: inú ògiri ni àwòrán ti wọn ìwọ̀n tirẹ̀, ìta ni èmi ti wọn tèmi.

Sílíkóònù nìkan kò lè dá omi dúró lójú ìsopọ̀. Oòrùn ń mú irin nà, òru ń sún un kì, yóò ya. Òrùlé páànù kan ṣoṣo ni mo fi bo àpótí méjèèjì, mo fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín kí atẹ́gùn lè máa gbé ooru lọ. N kò kan pátákó bo ìsopọ̀ nínú ilé títí òjò ńlá méjì fi rọ̀. Òjò kìíní kán sílẹ̀ níbì kan: orí ìṣó páànù tí wọn kò fi wọ́ṣà rọ́bà sí. A fi sí i. Èkejì kò kán.