Bí mo ṣe wá ìdí ògiri tó ń là nílé bàbá àgbà wa l'Ógbómọ̀ṣọ́

Búlọ́ọ̀kù amọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé bàbá àgbà wa, símẹ́ǹtì ni wọ́n wá fi rẹ́ ẹ nígbà tó yá. Ọdọọdún la máa ń pe bíríkìlà kó wá dí ibi tó là lára ògiri, òjò á rọ̀, á tún lanu. Ní January tó kọjá mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì pè wọ́n, ẹ jẹ́ n wò ó ná.

Mo fi ìka kan gbogbo ògiri. Ibi tó ń dún gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀ tó là tínínrín bí ẹ̀yìn ahun, pílásítà ló ṣí, ìyẹn ò léwu. Èyí tó já mi láyà ni ti yàrá ẹ̀yìn, ó ti igun wíńdò gòkè lọ bí àtẹ̀gùn, ó là láti inú dé ìta, aláǹgbá ń gba ibẹ̀ wọlé. Lókè, ìka mi wọ ibẹ̀, nísàlẹ̀ kò gbà ju abẹ bíléèdì lọ. Tó bá ti fẹ̀ lókè báyẹn, ó jọ pé igun ilé ló ń rì.

Mo wá po POP, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, mo lẹ̀ ẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ibẹ̀ lójú mẹ́ta, mo kọ déètì sí i. POP kì í nà, tí ògiri bá mira pẹ́ńpẹ́ ó ti kán nìyẹn. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ kò sí nǹkan kan, April tójò ńlá dé báyìí, méjì kán. Mo gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri wò: ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí àmàlà, omi òrùlé wa àti ti ilé kejì ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń dà sí, kò sì sí kọ̀ǹkéré kankan lábẹ́ ògiri. Mo gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó le gan-an.

(Orí wíńdò tiẹ̀ là gbọọrọ ní tiẹ̀, pákó tí wọ́n fi ṣe lẹ́ńtù tó gbé ògiri ibẹ̀ dúró nikán ti jẹ, a ti pààrọ̀ ẹ̀.)

A fi gọ́tà gba omi lọ jìnnà, a kó yẹ̀pẹ̀ sẹ́sẹ̀ ògiri kí omi lè máa ṣàn síta, mo lẹ POP tuntun ní June. Òjò July àti September rọ̀ lé e, kò kán. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́ kí bíríkìlà dí i, amọ̀ tí símẹ́ǹtì díẹ̀ wà nínú ẹ̀ ni mo ní kí wọ́n lò, torí símẹ́ǹtì gidi le ju amọ̀ lọ, kì í dì mọ́ ọn dáadáa. Mo ní kí wọ́n fi POP kan tó ní déètì sílẹ̀ fún mi, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.