Bí A Ṣe Ń Fetí Wo Onígìtá Kílásíkà, Ká sì Mọ̀ Bóyá Ó Mọ̀ Ọ́n Ta

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ jókòó síwájú ẹni tó ń dá nìkan ta gìtá kílásíkà, ìka ẹ̀ ni mo tẹjú mọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà tí mo délé mi ò rántí orin kankan, àfi ìka tó ń sáré lórí okùn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣòfò nìyẹn. Etí la fi ń wo nǹkan yìí jàre, ojú kàn ń bá wa dá sí i ni.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wá orúkọ àwọn orin tó fẹ́ ta, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síta ṣáájú. Ẹ mú méjì péré nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lórí YouTube, àmọ́ kó jẹ́ lọ́wọ́ èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí tẹ́ ẹ bá gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ẹni tó bá yà kúrò níbi tónítọ̀hún gbà á máa dà bí ẹni tó ṣì í ta lójú yín.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Gìtá yìí ò lariwo rárá, ọ̀pọ̀ ló sì ń ta á láìlo maikirofóònù. Nínú okùn mẹ́fà ara ẹ̀, náílọ́ọ̀nù lásán ni mẹ́ta tó tín-ín-rín (títí di àwọn ọdún 1940, ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n), mẹ́ta yòókù ni wọ́n fi wáyà wé. Ẹ pa fóònù pátápátá, kẹ́ ẹ sì tú súìtì yín kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ìró ọ̀rá súìtì lásán lè bo orin mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ ńkọ́? Orin kan lè pín sí apá mélòó kan, á sì dákẹ́ díẹ̀ láàárín wọn. La Catedral tí Agustín Barrios ará Paraguay kọ, apá mẹ́ta ni, mo sì ti pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn apá kìíní rí, èmi nìkan nínú gbogbo yàrá, ẹ má béèrè bójú ṣe tì mí tó. Ẹ dúró dìgbà tó bá gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn tó sì gbójú sókè.

Tó bá ń tún okùn yí láàárín orin kan sí òmíì, ẹ má kà á sí i lọ́rùn. Ooru iná orí ìtàgé máa ń mú kí ohùn okùn yẹ̀, àwọn orin kan sì wà tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ rẹ okùn kẹfà, èyí tóhùn ẹ̀ rẹlẹ̀ jù, sílẹ̀ láti ohùn tí wọ́n ń pè ní E sí D kó tó lè ta á. Ẹni tí okùn ẹ̀ ti yẹ̀ tó sì ń ta á lọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn lẹjọ́ wà.

Nígbà tó bá wá bẹ̀rẹ̀, bí ohùn ṣe ń jáde ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ta á, àtàńpàkò àti ìka mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọmọńdinrín ń jókòó lásán ni. Èékánná tí wọn ò tọ́jú dáadáa, á máa dún bí ẹni ń fi ṣíbí ha agolo. Ohùn tó dáa máa ń kún, kódà tó bá rọra ta á wẹ́rẹ́. Tọ́wọ́ ẹ̀ bá sún mọ́ ibi tí wọ́n so okùn mọ́ lára àpótí gìtá, ohùn á le bí irin, tó bá sún sápá ihò àpótí náà, á rọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́, tó bá fẹ́ ta ìlà kan lẹ́ẹ̀kejì, kì í sábà fi ohùn kan náà ta á.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: gìtá kan ṣoṣo ni, àmọ́ bí ẹni mẹ́ta tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ ló máa ń rí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, béèsì nísàlẹ̀. Ẹ dijú, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé béèsì nìkan fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá ń gé bọ́ọ́ kó tó yẹ kó gé, ìka ló ń tètè ká kúrò lórí okùn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ orin náà. Tó bá ta orin Recuerdos de la Alhambra tí Francisco Tárrega ará Sípéènì kọ, àtàńpàkò ń ta nísàlẹ̀, ìka mẹ́ta yòókù ń gba okùn kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan kíákíá, ó yẹ kó dún bí ohùn kan tó ń gùn lọ láìjá, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ pàká-pàká-pàká bí ẹsẹ̀ ẹṣin, ìka kan ń lágbára ju èkejì lọ nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí eré sísá tàn yín jẹ o. Orin tó falẹ̀ ni mo fi ń dá wọn mọ̀, torí ohùn gìtá máa ń kú kíákíá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta okùn, kí ohùn kan tó ń kú lọ ṣì wá so mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ńlá ni. Àṣìṣe kan méjì ò bàjẹ́, ìró fìín tọ́wọ́ òsì ń mú jáde tó bá ń rá lórí okùn oníwáyà náà ò bàjẹ́, àfi tó bá pọ̀ débi pé òun lẹ wá ń gbọ́.

Ní ìsinmi àárín, kí aládùúgbò yín tó la ẹnu, ẹ ti kọ tiyín sẹ́yìn pépà ètò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tó. Tèmi tìgbà tí mo lọ kẹ́yìn kà báyìí: "béèsì ń sọnù, ìka ń kánjú, àmọ́ orin kẹta yẹn, háà."