Bí A Ṣe Ń Tẹ́tí sí Ìpè Ẹyẹ Arìnrìn-àjò Lójú Òfuurufú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹyẹ ń sọ nígbà tó bá ń fò ní láti kọ́kọ́ ya orin rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìpè rẹ̀. Orin máa ń gùn, akọ ló sì sábà máa ń fi wá abo tàbí fi ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ìpè ojú òfuurufú kúrú, kì í sábà ju ìró kan tàbí méjì lọ, iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì sì ni pé kí ẹgbẹ́ má fọ́nká. Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ ìdáhùn ju ìpè fúnra rẹ̀ lọ.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kẹrin, ẹyẹ méjì tó ti Yúróòpù wá ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èkínní ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ọlọ́fun pupa tí ọ̀já dúdú gba ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ẹ rántí pé a ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀ onílé tiwa náà. Èkejì ni ẹyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tó máa ń sáré kiri lórí pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́, tí ìrù rẹ̀ kì í sinmi; ẹ jẹ́ ká máa pè é ní amìrù.

Ẹ lọ sí pápá ní kùtùkùtù, kí ẹ dúró sójú kan títí wọn yóò fi gbàgbé yín. Bí amìrù yìí bá ti ń gbéra ni yóò pe ìró kan tó tinrín, “sìíìp”. Ẹ wò bóyá àwọn tó kù nílẹ̀ yóò dáhùn kí wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí pé ìtumọ̀ ń yí padà létí ẹni. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, “fít, fít” ló ń ṣe bó ṣe ń mú kòkòrò. Bí àṣá bá yọ, ohùn náà á le, á di “fìlít-fìlít”, àwọn tó ti fọ́nká á sì súnra jọ. Bó bá jẹ́ pé ológbò ló ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀, “sìfìlít” ni wọ́n sábà máa ń ké.

Òru ló nira. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ olórin kéékèèké máa ń rìn lóru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pè. Ẹ wá ẹ̀yìn ìlú tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀; ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí tírélà ti ń kọjá ní Ṣàgámù kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ tẹ́ aṣọ sínú korobá jíjìn, kí ẹ gbé fóònù sí i kí ó kọjú sókè, kí ẹ sì fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ bo ẹnu korobá náà nítorí ìrì. Korobá yóò dín ariwo ẹ̀gbẹ́ kù. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì ohùn tí kì í gé ohùn kù, kí ẹ sì fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ohùn wò, wo àwòrán tó ń fi bí ìró ṣe ga tó hàn (spectrogram) nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ìpè ẹyẹ yóò hàn bí àmì kúkúrú láàárín 2 sí 9 kilohertz, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ga tó. Ti ìrè yóò fa ìlà gbọọrọ. Ìró kan ṣoṣo tó ń dún ní ìdọ́gba láti orí igi kan náà fún ìgbà pípẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àdán.

Ní òru tí ìkúùkù bá wálẹ̀, ìpè máa ń pọ̀ sí i, iná mànàmáná sì ń fa àwọn ẹyẹ náà mọ́ra. Ní Chicago, àwọn ẹ̀yà tó ń pè lóru ni wọ́n rí pé wọ́n ń kọlu ilé oníná jù, nítorí náà, bí iná gbọ̀ngàn àdúgbò yín bá ń tàn sókè mọ́jú, ẹ bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ọ kó pa á. Ìwádìí kan tó jáde ní 2025, tí wọ́n fi ohùn òru tó ju wákàtí 18,000 lọ ṣe ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé onírúurú ẹ̀yà ń rìn pọ̀, pàápàá àwọn tí ìpè wọn jọra. Bí ìró méjì tó fẹ́ jọra bá tẹ̀ léra, ẹ má yára kà á sí ẹyẹ kan; ẹ kọ aago, bí ojú ọ̀run ṣe rí àti àlàfo tó wà láàárín ìró méjèèjì sílẹ̀.