Bí mo ṣe ní kí wọ́n bá mi yẹ àròkọ mi lórí Solitaire wò

Solitaire kì í ṣe ìlú. Oríta ni, níbi tí ọ̀nà C14 àti C19 ti pàdé létí aṣálẹ̀ Namib, ní orílẹ̀-èdè Nàmíbíà. Ilé epo wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà, ilé ìtura wà, bẹ́ẹ̀ ni ilé búrẹ́dì tí wọ́n ti ń ta páì ápù tí òkìkí rẹ̀ ti kàn jìnnà. Àwọn mọ́tò àtijọ́ tó ti dípẹtà wà níta, iyanrìn ti gbé táyà wọn mì, kò sì sí àlejò tí kì í yà wọ́n ní fọ́tò. Mo kọ àròkọ ìrìn-àjò lórí ibẹ̀ fún ìwé ìròyìn kan, ṣùgbọ́n kí n tó fi ránṣẹ́, mo ní kí ojú mìíràn kọ́kọ́ bá mi wò ó. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á ní "ó dùn gan-an ni o", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Mi ò pín in káàkiri. Ẹni mẹ́ta ni mo yàn, ohun tí mo sì ń wá lọ́dọ̀ kálukú wọn yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí wọ́n ti wa mọ́tò ní Nàmíbíà dáadáa. Àwọn ni yóò mọ̀ bóyá ọ̀nà tí mo ṣàpèjúwe ni ọ̀nà ibẹ̀ lóòótọ́. Àbúrò mi obìnrin kò fojú kan aṣálẹ̀ rí. Òun ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi kò ti yé e. Ẹnì kẹta ni ọ̀gá kan tí wọ́n ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn rí, tí wọn kì í ṣàánú gbólóhùn tí kò níṣẹ́. Mi ò fún ìyá mi. Kò sí ohun tí mo kọ tí kì í wu ìyá mi.

Mi ò bi wọ́n pé ṣé ó dára. Ìbéèrè tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé nìyí: Ibo lẹ ti fẹ́ gbé e sílẹ̀? Ibo ni ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa yín? Tó bá jẹ́ pé ọ̀la lẹ fẹ́ lọ, kí lẹ ṣì ní láti wá lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Lẹ́yìn tí ẹ kà á tán, kí lẹ rántí láì padà wò ó? Ẹni tó bá dáhùn ìyẹn kò ráyè yìn ọ́ lásán.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ dáhùn, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ní páì yìí dùn. Ó rọ̀ ni, àbí ó ń ró lẹ́nu? Kí ló tilẹ̀ dé tí èèyàn á fi wa mọ́tò lọ sínú aṣálẹ̀ nítorí páì?" Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Páì ló bẹ̀rẹ̀ àròkọ náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀nà wà. Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ á rí oúnjẹ kó tó mọ bó ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀, jíjìn yẹn gan-an ló sọ páì di nǹkan. Nàmíbíà fẹ̀ tó nǹkan bí 825,000 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2023 kò sì ju bíi mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Láti Walvis Bay, ìlú etíkun wọn, dé Solitaire ju 200 kìlómítà lọ, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò lọ́dà, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nílẹ̀, ó sì ń gbọn mọ́tò jìgìjìgì. Ẹ ó gba àárín àwọn òkè Kuiseb kọjá, ẹ ó rí pátákó tí wọ́n fi sàmì sí ìlà Capricorn (ìlà tí wọ́n fà sórí àwòrán ayé, níhà gúúsù), ẹ ò ní rí ẹni tó ń ta gúgúrú.

Mo bá gbé ọ̀nà wá sókè. Gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni: "Páì ápù Solitaire dùn púpọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n." Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni: "Eruku ti wà láàárín eyín wa kí a tó rí ilé epo náà." Nígbà tí a bá wá dé ìdí páì, mo jẹ́ kí èèyàn rí i: wọ́n gé e ní onígun mẹ́rin láti inú páànù fífẹ̀, ápù nípọn nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun àti bọ́tà tí wọ́n fọwọ́ rún wà lókè, sínámọ́nì ń ta sánsán. Tí ẹ bá fi fọ́ọ̀kì kàn án, ti òkè á wó sínú ti ìsàlẹ̀. Àbúrò mi ní ó yé òun wàyí.

Ẹ̀gbọ́n ò kọ nǹkan kan, wọ́n pè mí ni. "Ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn há sójú ọ̀nà ni?" Wọ́n ní kí n sọ pé kí wọ́n rọ epo kún táǹkì kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n gbé omi tó pọ̀ dání, kí táyà àfikún wà, kí wọ́n má rìn lóru nítorí àwọn ẹran ìgbẹ́ tó máa ń dá ọ̀nà kọjá. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà, ṣùgbọ́n mo kó wọn jọ sínú àpótí kékeré lẹ́yìn àròkọ, kí ìtàn má baà di ìwé ìkìlọ̀. Àwọn náà ló rán mi létí ọ̀rọ̀ Moose McGregor, ọkùnrin tó sọ páì náà di olókìkí. Ó kú ní 2014, síbẹ̀ àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń wò kọ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó dúró nídìí káńtà. Mo fi ọdún náà síbẹ̀ gbangba.

Ọ̀gá ní tiwọn fi bírò pupa kọ "Ta ló bi ọ́?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ ìtàn mi. Mo jà fún gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀, èyí tó sọ pé oko àgùntàn karakul ni ilẹ̀ náà ní 1948, torí òun ló ṣàlàyé ìdí tí ilé fi wà níbẹ̀ rárá. Wọ́n gbà. Wọ́n yọ iye owó páì, wọ́n ní yóò ti yí padà kí wọ́n tó tẹ̀wé. Mo fi rọ́pò rẹ̀ pé ẹni tó ní owó rand South Africa lè ná an níbẹ̀, torí dọ́là Nàmíbíà kan, rand kan ni. Wọ́n ní kí n yọ àwọn mọ́tò tó dípẹtà, nítorí kò sẹ́ni tí kì í kọ nípa wọn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo yọ wọ́n. Ẹ rí i pé mo ti fọgbọ́n mú wọn padà níhìn-ín.

Ẹnu wọn kò ṣe déédéé. Àbúrò mi fẹ́ kí n fi kún un, ọ̀gá fẹ́ kí n gé e kúrú. Níbi tí ẹni méjì bá ti fọwọ́ kan ojú kan náà, mo tún un ṣe, ìbáà jẹ́ pé oògùn tí wọ́n júwe yàtọ̀ síra. Níbi tó bá jẹ́ ẹnì kan, mo rò ó wò fúnra mi. Mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sùn lé e lórí. Àríyànjiyàn pẹ̀lú ọ̀gá, ọjọ́ kejì ni.

Nígbà tí mo parí, mo fi èyí tó gún régé ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi àmì sí ibi tí mo ti lo ọ̀rọ̀ kálukú. Inú ẹ̀gbọ́n ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní báwo ni èèyàn á ṣe kọ nípa Solitaire láì dárúkọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Spreetshoogte. Mo ní ọ̀nà tiwa kò gba ibẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ padà, kí n gba ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ tiwọn, èmi náà á bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, màá sì wá bírò pupa.