Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa ẹ̀rọ ìmúsáré tó ń tan ìtànṣán X

Tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ líséè ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ ìmúsáré, èyí tí ìwé wọn ń pè ní accélérateur, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn ni pé wọ́n ń fi nǹkan kọlu nǹkan kó lè fọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ẹ̀rọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ tí ìbéèrè bá dá lórí ìtànṣán X. Ní SOLEIL, ilé ẹ̀rọ ìmúsáré kan lẹ́bàá Paris, wọn kì í fi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọlu nǹkan kan kí ìtànṣán tó jáde. Ṣe ni ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yà bó ṣe ń sáré yí òbìrí ká.

Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ń sáré débi pé díẹ̀ ló kù kó bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Bí òòfà bá ti fà á kúrò lójú ọ̀nà tààrà, díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ á di ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á sì máa lọ síbi tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjú sí, bí iná iwájú zémidjan tó ń ya kọ́nà lóru lọ́nà Pobè. Ìdí nìyí tó fi tín-ín-rín, tó sì lágbára ju ti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn lọ fíìfíì. Ní ilé ìwòsàn, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń já lu irin ni, ìtànṣán rẹ̀ sì ń fọ́n káàkiri.

Ẹ má sì pe ìmọ́lẹ̀ yìí ní àdánù. Ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ fojú rí i, ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Schenectady, Amẹ́ríkà. Lójú àwọn tó ń wá inú átọ́ọ̀mù, ó ń jẹ agbára tí wọ́n fi wàhálà kó jọ. Àwọn mìíràn ní yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, rí i pé ọrọ̀ ni: láàárín ọdún 1970 sí 1975, wọ́n la ojú ọ̀nà fún ìtànṣán X lára SPEAR, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ fún ìkọlura. Mo ka ìgboyà yẹn sí gan-an.

Àwọn kan ń fi prótọ́ọ̀nù dípò ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú àwòrán wọn. Prótọ́ọ̀nù wúwo tó ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìlọ́po 1,836. Tí agbára àti òbìrí bá dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fi ìlọ́po 1,836 × 1,836 × 1,836 × 1,836 kéré sí ti ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Kò sí nǹkan tí èèyàn fẹ́ fi ìyẹn rí.

Àwòrán tó ní òbìrí nìkan kò tó. Ẹ ya àwọn ibi tààrà tó wà láàárín kọ́nà kan sí èkejì, níbi tí òòfà tò léra, tí àríwá àti gúúsù wọn ń gba ipò ara wọn. Níbẹ̀ ni ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń wọ́ bí ejò, ibẹ̀ sì ni ìtànṣán tó mọ́lẹ̀ jù ti ń jáde ní ESRF, irú ẹ̀rọ yìí tó wà ní Grenoble ní Faransé, tí ìwọ̀n yíká òbìrí rẹ̀ jẹ́ mítà 844. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán X báyìí ló rí roboto: láti 2009, Stanford ń lo kìlómítà kan tó gbẹ̀yìn lára ẹ̀rọ gígùn wọn àtijọ́. Ìtànṣán tibẹ̀ máa ń ba ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò jẹ́, àmọ́ àwòrán á ti jáde kó tó bàjẹ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní yunifásítì: Áfíríkà kò tíì ní irú ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó ń jẹ́ SESAME ti wà ní Jọ́dánì láti 2017, wọ́n sì ń gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ lò ó. Ẹ má kọ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ ìtànṣán tó lágbára. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí gan-an, àti ìdí tí ẹ̀rọ kékeré kò fi lè fi hàn yín.