Kí Màmá Tó Tẹ̀ka: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìtumọ̀ ní Yorùbá ní Ọ́fíìsì, Ọsibítù àti Kóòtù l'Ékòó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sin òbí yín lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe nítòsí Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ìyá ọlọ́jà láti Jankárà àti Ìdúmọ̀tà ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ wọn jẹ nídìí owó kíkà. Wọ́n mọ ẹni tó ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè aṣọ láti ìjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ti délẹ̀, wọ́n á ti na àtàǹpàkò kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí òfin ti fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ka sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tèmi. Òfin kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà tàbí ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi yé e, kó tó fọwọ́ sí i tàbí tẹ̀ka sí i. Akọ̀wé náà tún gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé ọ̀hún. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní lè fi ìwé náà mú onítọ̀hún ní kóòtù. Ẹni tí kò mọ̀wé, ní tirẹ̀, ṣì lè gbé ìwé kan náà jáde láti fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí màmá tó fọwọ́ kan yíǹkì, ẹ béèrè pé ta ló kọ ìwé yìí. Kí wọ́n kà á látòkè délẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn sọ pé "ọ̀rọ̀ owó ilé ni, màmá." Lẹ́yìn náà, kí màmá fi ẹnu ara wọn tún un sọ. Bí ohun tí wọ́n sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, kò tíì tó àkókò àtitẹ̀ka. Nígbà tó bá wá yé wọn, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé a kà á sí wọn létí ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya ìwé náà, ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì gba ẹ̀dà kan lọ sílé.

Ìyá aláṣọ kan gbé ìwé wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá wọn ṣe fotokọ́pì rìsíìtì owó ilé. Kì í ṣe rìsíìtì rárá. Àdéhùn ni, pé wọ́n gbà láti kó jáde ní ìparí ọdún, àtàǹpàkò wọn sì wà níbẹ̀ rekete. Kò sí orúkọ akọ̀wé kankan nínú rẹ̀. Mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kí wọ́n má lọ bá onílé jà, kí wọ́n gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó máa ń bá onílé àti ayálégbé yanjú aáwọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọsibítù ló tún gba sùúrù. Abala 23 nínú òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, sọ pé aláìsàn ní láti mọ ohun tó ń ṣe é, oríṣiríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu tó rọ̀ mọ́ wọn, iye tí yóò ná an, àti pé ó lè sọ pé òun kò fẹ́. Òfin náà ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì ro ti ibi tó kàwé dé. Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ wá, ẹ sọ pé: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá kó ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i." Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ túmọ̀, ẹ túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Àwa ọmọ máa ń gé ọ̀rọ̀ dókítà kúrú torí a kò fẹ́ kí àyà màmá já, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n fẹ́ là, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ má sì fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ lórí àìsàn ilé ọmọ tàbí ti abẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá yóò fi ohun tó yẹ kó sọ pamọ́ nítorí ọmọ náà.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 ló yẹ kí ẹ rántí. Ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn bá sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, ní èdè tó yé e. Bí bàbá bá fi Yorùbá sọ tẹnu wọn, ẹ bẹ ọlọ́pàá pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó túmọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ó ṣe pàtàkì, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ògbufọ̀ yẹn ni wọn yóò pè wá jẹ́rìí.

Ní kóòtù ńkọ́? Abala 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè kan náà fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tí kò gbọ́ èdè kóòtù, ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò yé wọn. Àwọn àgbà máa ń mi orí sí gbogbo ohun tí adájọ́ bá sọ láti fi bọ̀wọ̀ fún un, adájọ́ á sì rò pé ó yé wọn. Ẹni tó bá dákẹ́ títí ẹjọ́ fi parí, ó ṣòro kí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbọ́ àròyé rẹ̀ lórí èdè. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó. Ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan o: Ègùn láti Màkókò àti Hausa láti Ọbáléńdé náà ní in.

Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní wọn kì í sọ Yorùbá ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ fi pẹ̀lẹ́ rán an létí pé àwọn aṣòfin Èkó ní Aláúsá máa ń fi Yorùbá ṣe ìjókòó wọn ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ béèrè ọ̀gá rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìjọba ni ẹ ń wá? Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 gbà kí màmá fi ẹnu béèrè. Òṣìṣẹ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún wọn ní ẹ̀dà kan.

Ohun kan ṣì kù tó kọjá ọ̀rọ̀ èdè. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ti bàbá yín lórí kẹ̀kẹ́ arọ lọ sí ọ́fíìsì tàbí ọsibítù, ẹ béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó jókòó rárá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin kò ní rọrùn fún yín láti wọ̀, bàbá kò sì ní fẹ́ wọ ti obìnrin. Ẹ wá èyí tó jẹ́ yàrá kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́. Ti òṣìṣẹ́ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i fún yín. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara, ti ọdún 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, ní kí ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ṣeé wọ̀ fún wọn, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá ti tò. Bí bàbá bá jẹ́ odi, òfin kan náà ní kí ọsibítù ìjọba pèsè ọ̀nà tí wọn yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n tó fún yín ní nọ́ńbà.